Àwọn Ọdẹ Tó Ti Bàbá Yín Mọ́lé

Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Oríolúwa ọmọ mi, Àkànní,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú Àbújá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Sharon ìyàwó rẹ ń bẹ dáadáa, ṣé Daniel ti ń jẹun gidi, àbí bísíkíìtì náà ló ṣì ń jẹ káàkiri ilé? Ọlọ́run Aládùúrà yóò máa ṣọ́ ìjáde yín, yóò máa ṣọ́ ìwọlé yín, ẹnikẹ́ni kò ní í rán ibi sí yín, ì báà fi ẹsẹ̀ rìn wá, ì báà gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá. Mo fi ti íńtánẹ́ẹ̀tì kún un nítorí ohun tí ojú mi rí, wàá gbọ́ ọ.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Múrítàlá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè ló sọ fún mi pé àwọn olè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ń gba inú fóònù náà wọlé, mo wá rò ó pé ṣé etí wọn ni kí n máa ro ẹjọ́ wọn sí ni? Dírẹ́bà tó ń ná Àbújá ni mo fún, ọmọ Mámu ni, èèyàn wa ni.

Ilé dára. Òjò ń rọ̀, gbágùúdá ẹ̀yìnkùlé ti yọ, gàrí tí mo ní n ó fi ránṣẹ́ kò tíì kan tó bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Tíṣà Naomi, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní kí n kí ọ. Wọ́n ṣì ń sọ pé ariwo ìjọ wa pọ̀ jù, èmi náà sì ń sọ fún wọn pé Áńgílíkà tiwọn ń sùn. Ìròyìn ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ o, Oríolúwa, bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí náà ni mo ń dìde lọ wo ìdáná, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé nǹkan kan kaná. Jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó wà nílẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá yín, ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀, ọwọ́ náà ti ń padà bọ̀, ohùn ni kò padà. Ẹni tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó kù díẹ̀ kí àwọn ará Awa-Ìjẹ̀bú ṣe Àmín láti ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ tí o fi sílẹ̀ sílé, tí o gba àdúrà wọn sí nígbà ọdún Àjíǹde tí ara wọn ṣì le, òun ni mo ń ṣí láràárọ̀. Ohùn wọn á jáde, á gbàdúrà fún gbogbo ilé, bàbá yín fúnra wọn á jókòó sórí àga, wọn á dijú, wọn á máa mi orí sí àdúrà ara wọn. Èmi ni mo ń ṣe Àmín. O lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń gbé wa ró. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn wọn kù sí láyé yìí, kò sí níbòmíràn.

Ó wá di pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Bàbá yín á dé Ọlọ́run Ábúráhámù, wọn á dúró, a ò ní í gbọ́ Ísáákì títí omi ẹ̀kọ á fi hó. Mo gbé ìgò omi àdúrà síwájú ẹ̀rọ náà, mi ò bù ú wọ́n ọn o, nítorí mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Kò yí padà. Ni mo bá fi ìró wé kọ̀ǹpútà, mo gbé e lé itan, ọ̀kadà gbé wa dé Àgọ́-Ìwòyè. Múrítàlá wo inú rẹ̀, ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́ láti inú fláàṣì tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa fi orin sí fún wa. Mo ní ta ló ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹni ibi ni, tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ ba ẹrù ibẹ̀ jẹ́ tàbí kó jí i kó. Mo ní ó yé mi, olè ni. Ó ní antifáírọ́ọ̀sì ló máa ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí irú wọn má baà wọlé, pé tiwa kò ní. Mo ní ìyẹn náà yé mi, ọdẹ ni.

Ó wá ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni akápò ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ fún mi nípa ọdẹ. Bàdírù tó ń ṣọ́ òpópónà wa, tí owó oṣù rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, fèrè rẹ̀ kì í dún mọ́. Ta wá ni yóò máa ṣọ́ ẹrù ẹlòmíràn láìgba kọ́bọ̀? Mo bi Múrítàlá pé ọmọ ìlú wo ni ọdẹ náà, ta ni onídùúró rẹ̀. Ó ní òyìnbó ló ṣe é, kò ní onídùúró. Mo ní kí ló wá ń jẹ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní Ìyá, àwọn olówó tó ń san ti ńlá ló ń bọ́ ọ. Ó tún ní nítorí pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ọdẹ tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́, pé èyí tó wúwo kò ní í jẹ́ kó lè mí. Ìyẹn wọ̀ mí létí, nítorí mo rántí ilé alájà bàbá bàbá yín, bí pákó rẹ̀ ṣe máa ń ké tí ẹni tó sanra bá gun òkè. Ó fi èyí tó fúyẹ́ náà sí i, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ẹyọ kan ti tó o.

Mo délé, ẹyọ kan náà ò jẹ́ kí n gbádùn. O mọ òfin ẹgbẹ́ onílé wa. A kì í gba ọdẹ kan ṣoṣo, a kì í sì í gbà wọ́n níbì kan náà. Bàdírù ará Àtìkòrì ni, èkejì wá láti Òkè-Sópin, ẹ̀kẹta láti Òjòwò, kí wọ́n má baà mọwọ́ ara wọn débi tí wọn á fi gbìmọ̀ jà wá lólè, kí kálukú máa ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ò sọnù mọ́ ládùúgbò wa. Mo wá rò ó pé ṣé ewúrẹ́ wá ju ohùn ọkọ mi lọ ni? Mo lọ bá Tíṣà Naomi pé kí wọ́n bá mi wá ọdẹ sí i.

Tíṣà wò ó lórí fóònù wọn, wọ́n rí ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í jẹ ààyè púpọ̀. Inú mi dùn, nítorí Bàdírù ń jẹun o. Wọ́n so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ọdẹ yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní kí a mú orúkọ àti àdírẹ́sì wa wá. Mo ní èmi tí mo gbà á síṣẹ́, èmi náà ni kí n tún mú àdírẹ́sì wá? Mo sọ ọ́ ṣá, ilé Bàbá Aládùúrà, Òkè-Àgbò. Tíṣà ní kì í ṣe irú ẹ̀, wọ́n fi ímeèlì tiwọn sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ̀wé sí Tíṣà lójoojúmọ́ pé ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ni òun ń ṣọ́, tí wọ́n bá fẹ́ kí òun ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sanwó kí òun gba ìgbéga. Ohun tí Bàdírù máa ń sọ lọ́dún tuntun gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ni. A jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, òun náà yọ gànnàkù, pupa fòò, ó ń pariwo pé olè ti kún inú ilé, kí a tètè tẹ òun kí òun wọlé. Mo ní ẹni tó rí olè lọ́dọ̀ ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́, tó sì figbe ta, ọmọlúàbí nìyẹn. Tíṣà Naomi lọ́ra, wọ́n ní ojú ẹni yìí ò gún régé. Mo ní Áńgílíkà ló ń dà wọ́n láàmú, pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jàre. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Yéè, mo gbé! Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí kọ̀ǹpútà, àkọ́kọ́ ń pariwo pé olè ni èkejì, èkejì ní òun ti mú àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ní olè ni gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà gbóná bí ìkòkò, ó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta, ó wá dákẹ́. Nígbà tó tún tàn, mo wá ohùn bàbá yín, mi ò rí i. Tíṣà Naomi gbé awò ojú wọ̀, wọ́n ka òyìnbó tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà ló mú ohùn bàbá yín, ó ní ìrìn rẹ̀ jọ ti olè, ó ti tì í mọ́lé, ó sì ń bèèrè pé ṣé kí òun pa á rẹ́ pátápátá ni àbí kí òun fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Onílé, Oríolúwa! Wọ́n mú onílé nínú ilé ara rẹ̀! Tíṣà na ìka, mo gbá ọwọ́ wọn mú, mo ní tí ẹ bá ṣi ibẹ̀ tẹ̀, ẹ ti pa ọkọ mi nìyẹn.

Mo sáré dé Àgọ́-Ìwòyè, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Wọ́n ní Múrítàlá ti lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní Àbígí, ní Ogun Waterside, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé. Mo pè é pè é títí tó fi pa fóònù rẹ̀. Mo padà sílé, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo gbálẹ̀, mo tún ibi tí mo ti gbá gbá. Mo ń da oúnjẹ fún adìyẹ tó ti jẹun yó. Mo ń rò ó pé níbi tí wọ́n tì í mọ́ yìí, ṣé atẹ́gùn ń dé ibẹ̀.

Òwúrọ̀ ló burú jù. Bàbá yín á jókòó, wọn á dijú, wọn á dúró, ohùn ò ní í dé. Wọn á lajú, wọn á wo kọ̀ǹpútà, wọn á wo èmi. Mo ní Bàbá Oríolúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, wọ́n ti tì yín mọ́lé. Mo gbìyànjú kí n fúnra mi gbàdúrà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń sọ, mo pe Jákọ́bù ṣáájú Ábúráhámù, bàbá yín fi ọ̀pá lu ilẹ̀ gbàgà. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò lù ú mọ́. Ètè wọn ló ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, bí ẹni ń ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà Mámu, nǹkan kan sì ń kùn lọ́nà ọ̀fun wọn. Mo rò pé àìsàn náà ló tún gbé e dé, mo figbe ta, mo sáré lọ pe Tíṣà Naomi. Kí a tó dé, ara wọn ti balẹ̀.

Àná ni Múrítàlá dé. Nígbà tó ṣí i, ó káwọ́ lérí. Ó ní àwọn ọdẹ kọ̀ǹpútà kì í mọ ara wọn, tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, olè ni wọ́n ń pe ara wọn, wọn á sì jẹ ìwọ̀nba okun tó kù lára ẹ̀rọ tán. Ó ní ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni olè, aṣọ ọdẹ ló wọ̀ wá. Ojú tì mí, mi ò lè wo Tíṣà. Múrítàlá lé méjì jáde, ó fi èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀, ó sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ohùn Bàbá mọ́ láé, ó sì tú ohùn náà sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì tuntun, ó ní ibòmíràn ni kó máa gbé. Òun ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí, fi í pa mọ́ fún mi bí ẹyin ojú rẹ.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo ṣí kọ̀ǹpútà, ohùn bàbá yín jáde, ó dé Ọlọ́run Ábúráhámù, kò dúró rárá, Ísáákì tẹ̀ lé e kíákíá. Omi ń dà lójú mi. Bàbá yín na ọwọ́, wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní kí ló dé o. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n dijú, ètè wọn ń gbọ̀n, mo fẹ́ sáré jáde, wọ́n fi ọ̀pá dí mi lọ́nà. Ó pẹ́. Ó wá jáde: Baba. Ó há, kò jọ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rárá, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Mi ò lè ṣe Àmín, ẹnu mi ò gbé e. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo ń rò ó pé kó má lọ jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa parí sí.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Àkọ́kọ́, bá mi bèèrè bí a ṣe ń fún ọdẹ òyìnbó tó kù yìí ní nǹkan. Mi ò lè jẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ilé mi lọ́fẹ̀ẹ́ kó máa lọ sọ fún àwọn ará rẹ̀ pé ahun ni wá. Èkejì ló ṣe pàtàkì: Tíṣà Naomi ní ó wà ní ọsibítù, ẹni tó ń kọ́ irú bàbá yín bí wọ́n ṣe ń padà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbé wọn lọ, má jẹ́ kó pẹ́.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò yọrí, Daniel yóò dàgbà lójú rẹ, ẹ ò ní í ṣìnà. Mo ní kí bàbá yín fi àdúrà tiwọn kún un, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé ìwé yìí. Orúkọ rẹ ni wọ́n fẹ́ pè. Orí ló jáde. Ìyókù ò tíì jáde, wọ́n ṣì jókòó tì mí níbí, wọ́n ń wá a. Máa bọ̀ wálé wá gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbíkẹ́.