Nípa Àwọn Aṣọ Ebè Tí Ẹ Fọ̀ fún Wa

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án, Yàrá Òkè,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá ilé rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń wú u bí ẹni ń la igi? Orúnkún rẹ ọ̀tún tó máa ń sọ fún wa pé òjò ń bọ̀ ńkọ́? Ìyàwó ọmọ rẹ tó wà nínú oyún ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé àwọn eyín tó ṣẹ́ kù yẹn ṣì ń funfun? Tèmi náà, ara ń bá ọjọ́ orí jìjàkadì, kò tíì dá mi. Bí o bá rí mi báyìí, wàá rẹ́rìn-ín. Òpéléńgé tí o mọ̀ ti di àpò sìmẹ́ǹtì.

Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Bó bá dé ọwọ́ rẹ, jẹ́ kí ọmọ rẹ tíṣà kà á fún ọ nínú yàrá, kó sì ti ilẹ̀kùn. Má jẹ́ kó kà á lábẹ́ igi níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín. Fóònù ò ṣeé fi sọ ọ́, torí yàrá kan ṣoṣo lèmi àti ọmọ ọmọ mi ń gbé, á máa gbọ́.

O ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni Oníbéèrè máa wá kó àwọn aṣọ ebè ẹ̀ tó ní kí ẹ tẹ́ sórí ebè tòmátì. O ní ẹ ti fọ̀ wọ́n, ẹ ti sá wọn, ẹ ti ká wọn sínú àpótí níbi tí eku ò lè dé. Mi ò dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ ni mo ń wá.

Kò ní wá kó wọn mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Wọn ò fún un ní ìwé dókítà náà.

Ìwọ lo sọ ọmọ ọmọ mi yìí ní Oníbéèrè, o rántí? Kò tíì ju orúnkún rẹ lọ nígbà yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ó bi ọ́ pé kí ló dé tí adìyẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ga jù ú lọ. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o ní, "Òpéléńgé, èyí máa béèrè ìdí tí omi fi tutù." Ó sì béèrè é. Ìbéèrè yẹn náà ló gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó ní òun fẹ́ gba ìwé dókítà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí wa gbé ọmọ tó ní ibà wá bá a lọ́jọ́ kan, ó ní kó wò ó. Oníbéèrè ní, "Ẹ má bínú, mà. Dókítà pòròpórò àgbàdo ni èmi." Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀, ó gbé ọmọ ẹ̀ lọ.

O mọ iṣẹ́ ẹ̀ nítorí oko yín ló ti ṣe é, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ bóyá o mọ bó ṣe rí nílé níbí. Mo wá síbí nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti ń gbẹ bí igi. Mo bá a láàárín ìkòkò. Á gé pòròpórò, á sè é, á gún un, á po sítáàṣì mọ́ ọn, á wá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí páànù títí á fi di aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Okùn ìsáṣọ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì wa láti ògiri dé ògiri, aṣọ ebè ló kún un. Ìkòkò tó dára jù nínú ilé, kò ṣeé se oúnjẹ. Mo fi se ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì náà lẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Ohun tó ń wá ò le. Àwọn àgbẹ̀ ń tẹ́ ọ̀rá sórí ebè kí koríko má baà hù, kí omi má baà tètè gbẹ. Ọ̀rá yẹn kì í jẹrà, ó ń pa ilẹ̀. Aṣọ tiẹ̀, bí ẹ bá kórè tán, ẹ máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni, á jẹrà, á di ajílẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ̀ pé bí nǹkan yìí bá di ọjà, ta ló máa lá oyin, ta sì ni kòkòrò oyin máa ta. Ṣé àgbẹ̀ tó ni pòròpórò, àbí iléeṣẹ́ ńlá tó máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, tó máa tún tà á padà fún un? Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọmọ mi lé mẹ́ta.

Nítorí náà, olùkọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo sọ ní Olóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà ẹ̀ ò mọ ẹrẹ̀ rí. Obìnrin kan wà tó ń kọ́ wọn nípa ẹni tó ń ṣèjọba àti ẹni tó ń jẹun, òun ni Ta-ló-jèrè. Ẹnì kẹta ń fi dígí wo inú nǹkan, bóyá ó yi, bóyá kò yi. Onídígí nìyẹn.

Wàyí o, ọjọ́ tó wá sí oko yín lẹ́yìn ìkórè tòmátì. Ó ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé kí ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú ilẹ̀, òun máa wá gé díẹ̀ lórí ebè kọ̀ọ̀kan láti wò bó ṣe ń jẹrà. Gbogbo yín dáhùn pé ẹ ti gbọ́, ẹ sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí aṣọ tó ṣì le dáadáa, tó máa fi í sílẹ̀ fún ẹrẹ̀? Ẹ hú u. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹnì kan fi bo ilé adìyẹ, ẹnì kan gé tiẹ̀ ṣe fìlà òjò fún àbíkẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ lo ṣáájú wọn, tí o gbé àpótí wá pẹ̀lú ayọ̀, tí o ní, "Oníbéèrè, wò ó, kò sí èyí tó sọnù." Ó bá yín rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́. Ó tiẹ̀ dé fìlà òjò ọmọ náà sórí. O ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà pé ọmọ mi níwà.

Ó níwà. Ìwà yẹn ni ò jẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan. Nígbà tó délé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n fọ̀ wọ́n."

Mo ní, "Kí ni wọ́n fọ̀?"

"Aṣọ ebè. Gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́."

Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wo ojú ẹ̀ dáadáa ni mo rí i pé ẹnu nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo bínú sí yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, mo dé ilé ìdáná, mo rí ọ̀rá búrẹ́dì tí èmi fúnra mi fọ̀, tí mo sá sórí ìṣó, ìbínú mi sì tán. Ẹni tó mọ ìṣẹ́ kì í ju nǹkan tó ṣì wúlò nù. Kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá. Má jẹ́ kí àwọn obìnrin yẹn gbọ́ ọ láéláé.

Ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pè é jókòó, mo tẹ̀ lé e. Mo gbé fúláàsì tíì dání, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ooru mú, wọ́n fi àga há ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé, nítorí náà kò sí ohun tí mi ò gbọ́.

Onídígí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n wò lára ẹ̀? Ọṣẹ?"

Ta-ló-jèrè ní, "Fífọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ o! Àwọn obìnrin yẹn ti sọ fún wa pé tálákà ò lè gba nǹkan tó máa bàjẹ́ kó pè é ní èrè. Ju aṣọ nù, ọmọ mi, kí o kọ ti àwọn obìnrin."

Olóko wá là á mọ́lẹ̀: "Tòmátì dà? Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ tòmátì."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, ó rẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọ̀gbìn kan péré sí i. Mo máa lọ gbé lóko náà, mo máa ṣọ́ ọ fúnra mi."

Eyínfúnjowó, wọ́n ń gbé ọmọ mi fún ara wọn bí ìkòkò gbígbóná. Onídígí ní kí Olóko gbà á. Olóko ní kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ lèyí. Ta-ló-jèrè ní òun máa gbà á, bó bá lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láìsí aṣọ nínú ẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì, orí ọmọ wọ́ lójú mi. Mo dìde láti wọlé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tún jókòó. Tíì tutù sínú fúláàsì.

Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì àgbà sọ pé àkókò ẹ̀ ti tán, kò sí ọ̀gbìn mìíràn. Wọ́n ní kó gba ìwé kékeré kan, irú èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lọ ra màlúù, wọ́n ní kó máa mú ìrù lọ.

Látìgbà náà ló ti dojú kọ ògiri. Okùn ṣì wà lókè orí wa, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ó gbé ìkòkò ńlá yẹn fún aránṣọ, ó ní kó fi pa aṣọ láró. Ìyá ẹ̀ pè lórí fóònù, ó ní, "Ṣebí mo ti sọ? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti bímọ." Mo ní, "Ìwọ tí o bí i, ṣé o bi í rí pé kí ló ń ṣe?" Ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa, fóònù ń já. Èmi náà ò tún mọ ohun tí mo lè ṣe. Bí mo bá ní ṣé wàá jẹun, á ní, "Rárá, mà." Bí mo bá ní ṣé o sùn, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ń purọ́, mò ń gbọ́ èémí ẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé. Aránṣọ ní ìkòkò òdòdó kan níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti fi àjákù aṣọ ebè kan, èyí tó ya tí Oníbéèrè jù nù, tẹ́ abẹ́ ìkòkò yẹn kí ẹrẹ̀ má baà máa ta sára ògiri. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Mo sún ìkòkò náà, mo ní kí n fa aṣọ yìí jáde. Kò ṣeé fà. Ó já sí mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ekòló ti gba inú ẹ̀ kọjá, gbòǹgbò òdòdó ti gba inú ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni apá kan ẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀ dúdú, o ò lè mọ ibi tí aṣọ parí sí.

Mo fi abọ́ bù ú. Mo gun àtẹ̀gùn láì sinmi, èmi tí mo máa ń jókòó ní ìdajì ọ̀nà. Mo gbé e síwájú ẹ̀. Mo ní, "Oníbéèrè, dìde wò ó. Ó jẹrà. Ó jẹrà bí o ṣe wí."

Ó dìde jókòó. Ó mú díẹ̀, ó fi ìka méjì rún un, ó gbóòórùn ẹ̀. Mo dúró. Mo ti to gbogbo ìdáhùn sẹ́nu: ìgbà tí mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, bóyá oòrùn ń dé ibẹ̀, etí ibo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá àgbà." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ ẹ̀, ó sì yíjú padà sí ògiri.

Kò béèrè nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, ẹ̀rù ò bà mí rí bó ṣe bà mí lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Kó àwọn aṣọ yẹn jáde nínú àpótí. Ẹ tẹ́ wọn padà sórí ebè, ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì hú wọn mọ́, bó ti wù kí wọ́n le tó. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é. Kò sí ẹni tó máa wá wò ó. Kì í ṣe fún ìwé. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ibì kan wà lórí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti ṣẹ.

Bá mi kí bàbá ilé rẹ, kí wọ́n máa mu omi gbígbóná. Bá mi kí ọmọ tó ni fìlà òjò. Kí tíṣà tó ń ka èyí, kó má sunkún sórí ìwé mi. Má ránṣẹ́ ẹ kú ìrọ́jú sí Oníbéèrè, má sì sọ fún un pé ẹ ti bo aṣọ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pè ọ́ lọ́jọ́ kan, tó bi ọ́ ní nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, kódà bó jẹ́ ìdí tí adìyẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, dákun, pè mí lójú ẹsẹ̀. Fóònù mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Tìrẹ ni mí títí ilẹ̀ á fi pa wá pọ̀,

Òpéléńgé.