Owó Orí Ẹ̀ẹ̀mejì Lórí Ìpín Baudilio

Ilé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà 4 Norte,
Talca, Chile.
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Orfelina ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Punta Arenas o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ológbò yín tó máa ń sùn sídìí ààrò ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́.

Ẹ jókòó dáadáa, torí mo fẹ́ fọ́nnu. Ẹ ò gbàgbé ìpín ìdókòwò tí ilé-iṣẹ́ tòmátò fún ọkọ mi Baudilio lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wá fi sílẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá pín èrè, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó orí kúrò kí wọ́n tó san ìyókù fún mi. Tó bá di oṣù Kẹrin, èmi náà á tún san owó orí lórí èrè kan náà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń san án. Lọ́dún yìí, Leandro, ọkọ ọmọ mi tó ń bá mi fi ìwé owó orí ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ní, "Màmá, ẹ ta ìpín yìí jàre. Owó orí ló ń bí, kò bí èrè." Inú bí mi. Ṣé òógùn Baudilio ni n ó tà bíi bàtà àlòkù?

Mo po tíì, mo da gbogbo lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó orí tí wọ́n ti yọ lórí èrè, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹni tó ni ìpín máa san. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Orúkọ Baudilio àti nọ́ńbà owó orí rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mú ìwé ogún lọ bá wọn látìgbà tó ti kú, torí mo fẹ́ràn kí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà máa pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa.

Mo sunkún díẹ̀, mo wọṣọ, mo mú ìwé ogún náà lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tòmátò. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní kí n lọ mú akáǹtáǹtì mi wá. Mo ní, "Ọmọ mi, aránṣọ ni mí. Mi ò gba owó aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí orúkọ náà padà sí tèmi.

Leandro tún ìwé owó orí mi kọ. Owó orí tí ilé-iṣẹ́ ti yọ gbé tèmi mì, ó tún ṣẹ́ kù. Ìjọba dá ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́rin pésò padà fún mi! Àgbàlagbà ò kúkú jìn sí kòtò lásán. Mo fún Leandro ní búrẹ́dì àti píà, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìpín ò kúrò nílé wa.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fi òróró ra orúnkún yẹn.

Láàárọ̀ yìí, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà mú àpòòwé tuntun dé. Herminda, orúkọ tèmi, ló pè. Orí mi wú. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi pe Baudilio náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣí fìlà, ó pè é.

Àbúrò yín tí àyà rẹ̀ kún fún ayọ̀ ni mí,
Herminda