Màmá Tó Dá Ìwé Àyálò Padà: Evelyn Abọ́sẹ̀dé Ògúnnáìkè (1936–1998)

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1936 ni wọ́n bí Màmá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sí ìdílé Pa Josiah Ọdúkọ̀yà, káfíńtà, àti Ìyá Sàbínà, aláṣọ. Láti kékeré ni Màmá ti ń bi àgbà pé, "Ta ló sọ ọ́? Ibo lẹ ti rí i?" Wọ́n gba ìgbájú ìgbámú nítorí ẹ̀, wọn ò jáwọ́.

Wọ́n kàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìwé ní Ìbàdàn. Ní 1961 wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Olóògbé Samuel Ògúnnáìkè, wọ́n sì fi Àgùdà ní Surulere ṣe ilé. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sìn dọ́jọ́ ikú.

Ní 1978 wọ́n di olórí ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìrètí-Ọ̀la, tó wà lẹ́yìn àdúgbò Jíbówú. Láti 1985, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ rí, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́. Kò sí máàkì níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún 1991 wá dé! Ìjọba rán aṣàyẹ̀wò wá. Bí ẹ̀ka ìlera àwùjọ bá kùnà, wọ́n á tì í pa, igba akẹ́kọ̀ọ́ á sì relé. Iye ìwé ni ìlànà wọn ń kà. Ọ̀gá ẹ̀ka náà, Ọ̀mọ̀wé Mùktárù, lọ yá ìwé ẹ̀kún ọkọ̀ akẹ́rù nílé-ìwé mìíràn, kí pẹpẹ ìwé ẹ̀ka náà lè kún. Màmá ṣí ọ̀kan, wọ́n rí òǹtẹ̀ onínǹkan, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà. "Màmá, ẹ ti pa wá!" ni Ọ̀mọ̀wé pariwo.

Àwọn aṣàyẹ̀wò bá pẹpẹ ní òfìfo. Màmá ní kí wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wù wọ́n, kí wọ́n bi í lóhun tó bá wù wọ́n. Wọ́n nawọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Lateefah, pé kó wádìí omi kànga Mushin. Lateefah tú àpótí káàdì tó ń tọ́ka sí ohun tó wà nílé-ìkàwé, ó gbé ìròyìn mẹ́ta wá láti ibẹ̀, ó sì ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ ò sọ ibi tó ti rí i. Yéè! Olórí wọn dìde pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ka yege, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn pé kíláàsì Màmá ló gbà á là. Ọ̀mọ̀wé Mùktárù fúnra ẹ̀ jó yí pẹpẹ òfìfo ká.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 1994. Ọlọ́run pè wọ́n ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1998. Ọlátúndé, Lydia, Dayọ̀ àti Kíkẹ́lọmọ ni ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Lateefah, tó ń darí kíláàsì ọjọ́ Ẹtì náà báyìí, wà láàárín wa lónìí.

Màmá, a mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ẹni tó sọ gbogbo èyí. Àwa ọmọ yín ni. Ó ṣojú Lateefah kòró. A ti yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Ẹ sùn re o.