Balùwẹ̀ Màámi ní Igando

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Akínlẹ́yẹ,
Igando,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Mardiyah, àbúrò mi àtàtà,

O kú ewu ọmọ, o sì kú àṣẹ̀yìndè Màámi wa. Mi ò mọ èyí tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ nínú méjèèjì. Ṣé ara ti ń le? Ṣé ojú abẹ ti ń jiná? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ń mu ọyàn dáadáa, ṣé ó sì ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ilé kàn dákẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Lórí fóònù, bí mo bá ti gbọ́ “Ẹ̀gbọ́n mi” lẹ́nu rẹ báyìí, ẹkún ti dé. Ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ tìrẹ lọ́hùn-ún, a ó sì pa fóònù láìsọ nǹkan kan. Yahya ọkọ rẹ, tó wá ṣojú rẹ níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ń padà sí Yola lọ́la, òun ni mo fi rán. O bi mí lọ́jọ́sí pé ta ló wẹ Màámi, àti pé níbo ni wọ́n ti wẹ̀ wọ́n. Mi ò lè dá ọ lóhùn nígbà yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ láìkọ́kọ́ sọ ti balùwẹ̀ tí a ń kọ́ fún wọn.

O mọ̀ pé a kò tíì parí ilé yìí tí a fi kó wọ inú rẹ̀. A fi páànù ṣe àgbàlá kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ la ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ mú Màámi ní apá ọ̀tún, tí mo lọ mú wọn wá láti Ìdímù, inú páànù yẹn ni mo ti ń wẹ̀ wọ́n. Mardiyah, wọn kì í jẹ́ kí n rí ojú wọn níbi ìwẹ̀. Wọ́n á kọjú sí páànù, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n rán fún ẹnìkan nígbà tí ojú ṣì ń ríran sí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn sọ pé, “Mọ̀dí, Ọlọ́run ò ní gbàgbé rẹ. Ohun tí mo ń tọrọ ni kí n tún fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dúró tì mí.”

Bàbá Qonitah, ọkọ mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó pa iṣẹ́ sílíìnì pálọ̀ tì, ó ní balùwẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ ṣe. Ó ya igun kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ṣáwà. Ó ní kí ilẹ̀ igun náà dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kàn rọra dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, kí Màámi lè wọ́ ẹsẹ̀ wọlé láìgbé e sókè. A ó kọ́ ìjókòó mọ́ ògiri, a ó sì fi irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n á máa dì mú.

Fẹ́kọ́mi, ọmọ Èkìtì kan tó ń lẹ táìsì káàkiri Egbeda, ni a gbé iṣẹ́ fún. Ó fi ọ̀dà dúdú tí kì í jẹ́ kí omi wọnú sìmẹ́ńtì kun ilẹ̀ àti ara ògiri, nígbà tó gbẹ ó tún un kùn, kó tó wá lẹ táìsì lé e lórí. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú. Àfi ìgbà tí Màámi fẹ́ wọlé lọ wò ó. Fẹ́kọ́mi ti mọ ìdènà kékeré sí ẹnu ọ̀nà ṣáwà, bó ṣe ń ṣe é nínú gbogbo ilé kí omi má baà ṣàn jáde. A ti sọ fún un o, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Màámi gbé ẹsẹ̀ títí, ẹsẹ̀ kò gbé. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ìjókòó wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

Bàbá Qonitah ní, “Fẹ́kọ́mi, ta lo ní kó má wọlé?”

“Ẹ má bínú, sà, omi ni mo dá dúró.”

“Omi lo dá dúró, àbí ìyá mi?”

Màámi ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre. Èmi náà ti gán àpò mọ́ bùbá ẹni tí kò ní kí n fi àpò sí i rí. Ọmọ mi, tú u, kí o tún un rán.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Fẹ́kọ́mi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bó ṣe fọ́ ìdènà náà, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ya. Ó ní láti ṣí táìsì ẹnu ọ̀nà, kó tún ọ̀dà kùn, kó sì dúró dè é kó gbẹ. Òjò kò sì jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ lásìkò yẹn. Ojoojúmọ́ ni Màámi ń fi ọ̀pá wọn lọ wò ó. Wọ́n ní kí Fẹ́kọ́mi fẹ ìjókòó náà sí i. Mo ní, “Màámi, ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó síbẹ̀.” Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Wọ́n rán mi lọ ra kànkàn ìwẹ̀ tuntun ní Ikotun. Nígbà tí mo mú un dé, wọ́n ní ó le jù, mo tún padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì wọn ni wọ́n fi gbé e kọ́ sára ìkọ́ fúnra wọn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Fẹ́kọ́mi fi àkísà àti ọ̀rá dí ihò omi, ó to àpò iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà, ó wá da omi sí ilẹ̀ ṣáwà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé. Bí omi kò bá fà títí di ọjọ́ kejì, a jẹ́ pé kò sí ibi tó ń jò. Màámi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọ̀pá kan omi. “Ẹ ti gbé odò wọlé,” ni wọ́n wí. “Jímọ̀ ni màá wẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé mi wọlé o.”

Wọn kò rí Jímọ̀. Ní àárọ̀ Alámìísì, mo gbé omi àlùwàlá lọ fún wọn. Mo pè wọ́n, mo tún pè wọ́n.

Ìyá Hamdalah àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ Àsàlátù àdúgbò wa ló wá wẹ̀ wọ́n. Òjò ń rọ̀, inú páànù ti di ẹrẹ̀. Ìyá Hamdalah wò yíká, wọ́n ní, “Mọ̀dínátù, balùwẹ̀ tuntun yẹn ńkọ́?” Mo sọ ohun tí Màámi wí fún wọn, pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé àwọn wọlé. Ìyá Hamdalah ní, “Kò sí ẹni tó máa wo ìhòòhò wọn. Aṣọ ló máa bò wọ́n, abẹ́ aṣọ la ó ti wẹ̀ wọ́n. Wá bá wa da omi, kí o fojú ara rẹ rí i.”

Bàbá Qonitah lọ wo ìlà ṣọ́ọ̀kì. Omi kò fà rárá. Ó yọ àkísà, gbogbo omi náà sì bá ihò lọ. Wọ́n gbé Màámi sórí pákó, wọ́n sì gbé wọn wọlé tààrà. Pákó kò kọ lu nǹkan kan. Mo ti ń bínú sí Fẹ́kọ́mi nínú mi láti àárọ̀, pé ìdènà rẹ̀ ló jẹ ọjọ́ Màámi. Ibẹ̀ ni ìbínú náà ti kúrò lára mi, mi ò mọ bó ṣe lọ.

Bí Ìyá Hamdalah ṣe wí náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n fi aṣọ funfun bo Màámi, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń ti abẹ́ rẹ̀ wẹ̀ wọ́n. Apá ọ̀tún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, apá tó ti kú tipẹ́ yẹn. Èmi ń da omi. Ojú Màámi kọ sí mi, Mardiyah. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n kọjú sí mi níbi ìwẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì wẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Qonitah ní, “Mọ̀dí, balùwẹ̀ ni, kì í ṣe sàréè.” Mo ní mo gbọ́, mo sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi lọ sínú páànù.

Fẹ́kọ́mi wá sí fìdáù. Ẹ̀yìn ilé ló dúró sí, kò lè wọlé, àfi ìgbà tí mo lọ fà á lọ́wọ́. Òun ló wá sọ ohun tí Màámi kò sọ fún mi. Wọ́n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó fẹ ìjókòó yẹn, wọ́n ní, “Jẹ́ kó gba ìyá àti ọmọ. Àbíkẹ́yìn mi máa bímọ ní Yola. Bó bá gbé e wá, orí itan mi ni màá ti wẹ̀ ẹ́. Mọ̀dí á bá mi dì í mú.”

Mo lọ fọwọ́ kan kànkàn náà. Àwọn ìyá kò lò ó, aṣọ àti òwú ni wọ́n fi wẹ Màámi. Ó rọ̀, Mardiyah. Kì í ṣe kànkàn àgbàlagbà.

Bá mi kí Al-Ameen ọmọ rẹ, sọ fún un pé mo gbọ́ pé ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn ará ilé Yahya náà fún mi, kí o sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ọ gbé omi gbígbóná. Qonitah kí ọ, bàbá rẹ̀ kí ọ.

Má kánjú wá. Jẹ́ kí ojú abẹ jiná dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá gbé ọmọ dé, má wẹ̀ ẹ́ níbikíbi lójú ọ̀nà, bó ti wù kí eruku pọ̀ lára rẹ̀ tó. Gbé e wọlé tọ̀ mí wá bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá jókòó, ìwọ ni wàá dì í mú. Kànkàn ṣì wà lórí ìkọ́, omi kò tíì kàn án.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,

Mọ̀dínátù.