Ààrò Màmá Ni Mo Fi San Owó Ṣọ́ọ̀bù

"Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo fún ìyá yín, pẹrẹsẹ náà ni kí ẹ dá a padà fún mi!"

Zenaida, ọmọ ìyá mi, bí Don Eleuterio onílé ṣọ́ọ̀bù wa ṣe kí mi káàárọ̀ nìyẹn. Mo ní, "Baba, owó ni mo jẹ yín, etí mi ò di."

Ó fẹ́ gba owó tí a ò tíì san, ó tún fẹ́ gba ti oṣù tó kù nínú àdéhùn, torí pé a fẹ́ kó jáde kó tó pé. A fà á títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbẹ̀yìn, ó ní òun á fi gbogbo ẹ̀ jì wá bí mo bá wó ààrò búrẹ́dì Màmá lónìí, torí ẹni tó ń ta fóònù ló fẹ́ gba ibẹ̀. Mo gbà. Bínú sí mi tó bá wù ẹ́.

Búrẹ́dì tí a yan fún Màmá wà lábẹ́ aṣọ lórí tábìlì. Òun ni ààrò náà yan gbẹ̀yìn. Gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bù ú kí òun fúnra rẹ̀ tó wá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ àwọn òkú, tí ẹ̀mí àwọn tó ti lọ máa ń padà wá sílé. Sọ fún àwọn ará àdúgbò tó ń wá yan búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa kí wọ́n gbé ìyẹ̀fun wọn lọ sí ibòmíràn. Má jẹ́ kí Bàbá wa gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì sọ fún un. Mo ń padà lọ kó àwókù.

Bíríkìlà tí Don Eleuterio mú wá kọ̀, ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun náà ti ń yan búrẹ́dì. Mo ní, "Gbé òòlù náà wá, ọ̀lẹ." Ibi tí Màmá máa ń fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú sí kó tó ti búrẹ́dì wọlé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lù.