Àdúrà Yín Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Falẹ̀

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ọ́fíìsì ni mo wà. Ẹ bá mi kí Bàbá, àti Bùnmi àbúrò mi tó ní kí n fi bàtà ránṣẹ́. Òtútù Johannesburg ti dé. Èémí ẹnu ẹni ń rú bí èéfín.

Ẹ rántí ètò kọ̀ǹpútà tí mo sọ fún yín lórí fóònù, tí àwọn lọ́yà ọ́fíìsì wa ní Randburg fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ohun tó yẹ kó rí kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ẹyin á jinná kó tó rí i. Ọ̀gá mi obìnrin ní kí n wá ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ní ẹ ó gbé e lé ẹgbẹ́ àdúrà lọ́wọ́, kí ó lè yá. Mo ní ẹ ṣeun.

Ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé ló pọ̀ jù. Mo kó ìwé inú fódà tí ètò náà ń wò kúrò, ó ku ẹyọ kan, síbẹ̀ kò yá. Mo wá ń tọ ètò náà lẹ́yìn, ibi tó bá yà sí ni mò ń yà sí. Ni mo bá rí i pé ẹnìkan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú fódà náà: ètò yìí á gba ibẹ̀ kọjá sínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, á ka gbogbo ìwé ibẹ̀ kó tó padà. Mo fi orúkọ ara mi dán an wò. Ó rí i. Ó wà láàárín orúkọ àwa àjèjì mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Iwájú tèmi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ó di ìgbà tó bá tún ètò náà ṣe tán."

Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìwé ìgbélùú mi bọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń tún un ṣe. Mi ò ṣiṣẹ́ kára tó báyìí rí, àní ní polí pàápàá. Themba, ọmọ Soweto tó jókòó tì mí, bèèrè ohun tó le tó bẹ́ẹ̀. Mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Eish, bra, má tún un ṣe." ("Arákùnrin" ni "bra" lẹ́nu wọn níbí.) Láti ọjọ́ náà ló ti kó lọ sí tábìlì mìíràn, kí wọ́n má baà ka òun mọ́ ọn.

Mo ti ń múra àtisọ fún yín kí ẹgbẹ́ àdúrà sinmi díẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan, kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti rí i. Èmi kọ́ ni mo tún un ṣe. Ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ti pòórá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì yàrá rẹ̀, ó ní kí n wá rí òun láago méjìlá.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúrà; tiwọn ti gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún Bùnmi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi fúnra mi ni màá gbé bàtà náà wá.

Ọmọ yín,
Ṣẹ́gun