Ọ̀gá Da Omi Orí Gíláàsì Nù

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Ṣé ẹ rántí ọ̀gá mi ní láàbù, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ mi? Awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí mò ń tẹ́ sórí gíláàsì, tó dà bí èyí tó bo sẹ́ẹ̀lì ara, abẹ́ omi ló gbọ́dọ̀ máa wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ò tẹ́ ẹyọ kan rí, kò sì bi mí. Lánàá, níwájú àwọn àlejò, ó da omi náà nù, ó ní kí wọ́n lè rí i dáadáa. Mo panu mọ́. Wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó títí, wọn ò rí nǹkan kan.

Ó kígbe mọ́ mi: "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ yín mà ni."

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà kí àwọn àlejò mìíràn tètè dé.

Àbúrò yín.